Kí Alárinà Ṣílẹ̀kùn, Kó Má Yan Ẹni Tí Yóò Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí ìwádìí àwùjọ,

Bí a bá fẹ́ bá àwọn obìnrin ọjà sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà la kọ́kọ́ ń lọ. Ìyẹn dára; a kì í wọlé onílé láì kí baálé. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a tún ń sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ bá wa wá ogún èèyàn." Àwọn tó sún mọ́ ọn, tí ìsọ̀ wọn wà lójú ọ̀nà, ni yóò pè. Ta ni yóò pe alábàárù? Ta ni yóò rántí ìyá tó pàtẹ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ nídìí gọ́tà?

Lọ́jọ́ kan, mo bi ìyá kan bóyá owó ọjà tí wọ́n ń gbà pọ̀ jù. Ó wo ọmọ tí ìyálọ́jà ní kó mú wa kiri, ó ní, "Kò sí wàhálà." Nígbà tí ọmọ náà jìnnà díẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Ṣé Ìyá máa gbọ́ ohun tí mo bá sọ?" Ó ti tẹ̀ka pé òun yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀ fún ẹni tó lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? "Kò sí wàhálà" náà ni mo kọ sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn kan ní bí èèyàn bá ti pọ̀, àṣìṣe á rọlẹ̀. Rárá o. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest l'Amẹ́ríkà gba ìdáhùn tó lé ní mílíọ̀nù méjì lórí ìdìbò ààrẹ, ó ní Landon ni yóò wọlé. Inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ. Roosevelt ló wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Orúkọ tó wà lọ́kàn ìyálọ́jà kò yàtọ̀ síyẹn: tálákà kì í sí níbẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ ká gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyálọ́jà, ká sì fẹsẹ̀ ara wa ka gbogbo ìsọ̀ àti àtẹ, ká mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ká bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Owó ìmoore, ọwọ́ rẹ̀ ni ká fi í sí. Bó bá kọ̀, kí alárinà má gbọ́. Ká sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wa: ta ló mú wa wọlé, èèyàn mélòó ló kọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan yóò di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń san owó ọjà bíi ti gbogbo ẹni tó kù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà yẹ kó dé ìwé.

Èmi ni tiyín,
Olùwádìí kan n'Íbàdàn