Ẹ́ńjìnì ni, àbí gíábọ́ọ̀sì?

Ìyá elépo kan ní Ọjà Ọba, Ìbàdàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ tán ni píkọ́ọ̀pù 504 rẹ̀ tó ti dàgbà bá ní òun ò lọ mọ́. Bó bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnì á máa ké tantan, ọkọ̀ ò ní sún. Gíà kẹta sì ń fò jáde fúnra rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Màmá, ẹ́ńjìnì ti kú. Ẹ jẹ́ ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀." Owó àjọ ọ̀hún ò sì ká nǹkan méjì!

Màmá ò fèsì. Ó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì àgbà kan. Ìyẹn wo èéfín ìdí ọkọ̀ ná: kò yọ búlúù rárá. (Èéfín búlúù ló ń sọ pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá dúdú, kabúrétọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.) Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi géèjì wọn agbára sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn le koko. Ó ní kí wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ariwo tó ń dún lábẹ́ ọkọ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n tú u sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, bẹ́ríǹgì gíábọ́ọ̀sì ló ń sunkún yẹn. Pálétì kílọ́ọ̀ṣì náà ti jẹ tán, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì fi ń ké tí ọkọ̀ ò lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára lé gíábọ́ọ̀sì yìí, á fọ́ ọ ni. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sì wà nínú pépà ọkọ̀ o, ẹ ó tún máa sáré pépà kiri."

Dẹ́rẹ́bà wolẹ̀. Àṣé ẹni tó fẹ́ ta ẹ́ńjìnì ti ṣèlérí nǹkan fún un!

Wọ́n já gíábọ́ọ̀sì, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ríǹgì, eyín gíà tó ti jẹ àti pálétì. Owó ṣẹ́kù. Màmá fi ra epo kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.