Ojú Tí Ń Ṣọ́ Ilé Nígbà Tí A Kò Sí Nílé



Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ìṣọ́lé ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Àkókò àtilọ sí ilé ń bọ̀. Ní Kubwa, ní Lugbe àti ní Nyanya, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn àwọn ènìyàn wa ni yóò wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Nítorí náà ni àwọn baálé ilé ṣe ń bi wá léèrè pé: èwo ni kí a rà, ṣé analog tí owó rẹ̀ fúyẹ́ ni, tàbí HD tí owó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Akọ̀wé rélùwéè ni wá, a kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n a ti wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní Wuse àti àwọn tí ń so ó mọ́lé.

Àwọn àmì tíntìntín ni a fi ń to àwòrán inú kámẹ́rà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Ti analog jẹ́ 720 ní ìbú, 576 ní òró. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní 414,000. Ti HD tí ó pé jẹ́ 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró, èyí tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ. Ìlọ́po márùn-ún gééré ni. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ènìyàn yóò ṣe hàn tó.

Àwọn kan ń sọ pé, "Kí ó ṣáà ti rí nǹkan, ó tó." Kò tó o. Ẹbí kan nínú wa lọ sin ìyá wọn ní ilé, olè sì wọlé lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà analog mẹ́rin ni wọ́n ní, ó sì gba àwòrán sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí níbẹ̀ kò ju òjìji ọkùnrin gíga kan tí ó dé fìlà. Máígádì wọn ga, ó sì máa ń dé fìlà. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, wọ́n ti fa ọmọ ọlọ́mọ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sì sun òru méjì ní àgọ́. Lẹ́yìn èyí ni a bá ẹrù náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ máígádì rí. Wọ́n tọrọ àforíjì, ọkùnrin náà sì dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará, àwòrán tí kò mọ́, ẹlẹ́rìí èké ni. Ẹni tí a bá ti fura sí tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ni a óò máa rí nínú òjìji.

Kí a má purọ́ mọ́ analog. Ó wúlò ní ẹ̀yìnkùlé tàbí nídìí jẹnẹrétọ̀, níbi tí a kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan kọjá. Ṣùgbọ́n ní géètì àti ní ẹnu ìlẹ̀kùn, níbi tí a gbọ́dọ̀ ti mọ ojú ènìyàn, HD ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má sì gbé e sókè jù. Kámẹ́rà tí ó wà lórí òrùlé, fìlà nìkan ni yóò rí.

Ẹni tí ó ti ní analog kò ní láti tú gbogbo wáyà rẹ̀. Irú HD kan wà tí ó ń lo wáyà àtijọ́ náà. Kámẹ́rà àti àpótí tí ń gba àwòrán nìkan ni a óò pààrọ̀, púpọ̀ nínú àwọn àpótí tuntun sì ń gba méjèèjì pọ̀. Irú kejì, tí wọ́n ń pè ní IP, ń lo wáyà kọ̀ǹpútà. Wáyà kan náà lè gbé iná àti àwòrán, ṣùgbọ́n kí ó má ju mítà 100 lọ.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ìṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣe èyí. Kámẹ́rà HD kan tí ń gba mẹ́gábíìtì 4 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo nǹkan bíi gígábáìtì 43 lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, hádì dísìkì tẹ́rábáìtì 1 yóò kún kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́. Bí olè bá wá ní ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, tí ẹ sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni ẹ óò bá? Tẹ́rábáìtì 3 ni kí ẹni bẹ́ẹ̀ rà. Kí ó sì wá ínfátà fún àpótí àti kámẹ́rà, nítorí pé bí NEPA bá mú iná lọ, analog àti HD di ọgbọọgba.

Ìlú wa yìí gan-an ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣe àdéhùn 470 mílíọ̀nù dọ́là, tí kámẹ́rà 2,000 fún Àbújá àti Èkó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ri òpó, wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn fi di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba ṣàlàyé bí a ti ná owó tí a yá fún un. Àṣejù kò sí nínú kí a ra ohun tí ó dára. Ìtọ́jú ni ó ń kù.

Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká HD mẹ́rin, kí ó ra ẹyọ kan sí géètì, kí ó sì fi owó ìyókù ra dísìkì àti ínfátà. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ tún wò ó ní òru, kí ẹ tó ti ìlẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá lè dá ojú ọmọ yín mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

A bá àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ yọ̀, a sì bá àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé, àlọ re, àbọ̀ re o. Ó di oṣù tí ń bọ̀.