Bí A Ti Ń Wọn Ayé Tí Ojú Kò Rí

Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Odò-Orí, ní Ìwó níbí, bi mí láìpẹ́ yìí pé: "Tíṣà, wọ́n ní àwọn ayé mìíràn ń yí ìràwọ̀ ká, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò rí wọn. Ta ló wá kà wọ́n?" Ìbéèrè ọlọ́jà gidi ni. Ẹni tí kò rí ẹrù kì í sanwó.

Ẹ wo àtùpà ọjà alẹ́ láti òkèèrè. Bí kòkòrò kan bá fò kọjá níwájú rẹ̀, ẹ kò ní rí kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yóò dín díẹ̀. Bí ó bá ń dín bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́, ní ìwọ̀n kan náà, ní wákàtí kan náà, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan kan ń yí àtùpà náà ká. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2004, Àgùàlà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ajá òṣùpá gba iwájú oòrùn wa kọjá báyìí, ó sì bo nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ó tún ṣe é ní 2012. Ó di 2117 kó tó tún ṣe é.

Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára ìràwọ̀ mìíràn, HD 209458. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín tó ni a fi ń mọ bí pílánẹ́ẹ̀tì ti tóbi tó. Ìwúwo ńkọ́? Pílánẹ́ẹ̀tì a máa fa ìràwọ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀, ìfà yẹn ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àpò méjì lè tóbi bákan náà. Ìgbà tí ẹ bá gbé wọn ni ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ òwú àti èyí tó jẹ́ iyọ̀.

Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a sì máa gba inú afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì kọjá, bí omi ti ń gba inú asẹ́. Àwọ̀ tí afẹ́fẹ́ náà bá dá dúró ni ó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí sódíọ̀mù, ọ̀kan nínú ohun méjì tó di iyọ̀ ọbẹ̀, níbẹ̀ ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní púpọ̀ lọ́wọ́. Kóńgò gàrí kan kò tó pín fún kíláàsì ọmọ ogójì. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi rán ẹ̀rọ TESS lọ sí òfurufú ní oṣù kẹrin ọdún 2018, kó máa ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó sì sún mọ́ wa.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, òrìṣà ààrá àwọn Ígbò (mo mọ̀ pé inú àwọn ọlọ́ṣàngó kò ní dùn), wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano, ọkùnrin tí a tà lẹ́rú tó wá kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1789. Àwọn ará Ivory Coast sọ ìràwọ̀ WASP-15 ní Nyamien, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Asye.

Kí n má purọ́, tiwọn ló yá. Asye ń gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí méjìdínlógún síra. Ìwúwo rẹ̀ kò ju bí ìdajì ti Júpítà lọ, síbẹ̀ ó fẹ̀ jù ú. Àpò òwú ni. Equiano tiwa kò tíì gba iwájú Amadioha kọjá lójú ẹnikẹ́ni, ìfà nìkan ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà. A mọ ìwọ̀n tí ìwúwo rẹ̀ kò lè dín sí, a ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ̀ tó, a kò tíì wọ̀n ọ́n.