Ẹ̀kọ́ Linux Kì Í Ṣe Ábídí

Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè ṣe aláìsọ. Mẹ́fà nínú àwọn akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa, tí olúkúlùkù wọn ti ń fi Windows ṣiṣẹ́ fún ọdún tí ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, san owó fún olùkọ́ kan pé kí ó kọ́ wọn ní Linux. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi kọ́ wọn bí a ti ń tan kọ̀ǹpútà, bí a ti ń pa á, àti bí a ti ń pààrọ̀ àwòrán ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí drive C gbé wà, ó ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu!

Ǹjẹ́ bí ahunṣọ Ìsẹ́yìn kan bá fẹ́ kọ́ òfì irú mìíràn, ta ni yóò jókòó máa kọ́ ọ ní ohun tí òwú í ṣe? Ibi tí òfì tuntun gbé yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ni a ó fi hàn án.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí níhìn-ín. Nínú Linux kò sí drive C tàbí D: gbogbo fáìlì, ìbáà wà lórí dísìkì mẹ́ta, ń yọ láti ara gbòǹgbò kan ṣoṣo tí àmì rẹ̀ jẹ́ "/". "Iwe" àti "iwe" jẹ́ fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò tí ènìyàn fẹ́ lò, a kì í sábà kiri íntánẹ́ẹ̀tì wá a. Inú àká kan tí àwọn olùṣe ẹ̀dà Linux náà ń tọ́jú ni a ti ń bù ú. Ẹni tí ó mọ Windows dáadáa ni nǹkan wọ̀nyí máa ń gbé ṣubú, nítorí ohun tí ó ti mọ̀ ni ó ń tàn án jẹ.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ìwé. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1991, ìwé ti pọ̀. Òǹkàwé ni ó wọ́n. Inú ẹ̀rọ gan-an ni ìwé àkọ́kọ́ wà: ẹ kọ "man", kí ẹ fi orúkọ àṣẹ tẹ̀ lé e, àlàyé rẹ̀ yóò sì yọ. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ àṣẹ náà, "man -k" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan yóò bá yín wá a. Òótọ́ ni pé àlàyé wọ̀nyí gbẹ táútáú. Nítorí náà ni a fi ń yin ìwé William Shotts, The Linux Command Line, tí ń mú òǹkàwé láti àṣẹ kan dé òmíràn títí yóò fi lè to àṣẹ jọ fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá yan Debian, kí ó ka ìwé Raphaël Hertzog àti Roland Mas, The Debian Administrator's Handbook. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. ArchWiki pàápàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ẹ̀dà Arch ni a ṣe kọ ọ́, àwọn oníẹ̀dà mìíràn ń tọ̀ ọ́ lọ, nítorí tí ó ń sọ ìdí ọ̀rọ̀.

A kò bá fídíò jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń da àṣẹ tí ó ní "sudo" kọ láti inú fídíò, tí kò mọ̀ pé àṣẹ olórí ẹ̀rọ ni "sudo" ń fún un, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti èdè. Àlàyé "man" wà ní èdè Jámánì, ti Faransé àti ti Japan. A wá ti Yorùbá, a kò rí i, àwa tí a ti ń ka ìwé ìròyìn ní èdè wa ní Abẹ́òkúta láti 1859! Òfin tí a fi pín ọ̀pọ̀ nínú àlàyé wọ̀nyí sì fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti túmọ̀ wọn. Ta ni ó dè wá lọ́wọ́?

Àwọn akọ̀wé mẹ́fà náà ti fi olùkọ́ yẹn sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé báyìí, ìwé Shotts níwájú wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ àlàyé "ls" àti "cp" ní Yorùbá. Àga ṣì ṣófo níbẹ̀.