Kò Sí "Oní" Nínú Àlàáfíà

Nínú kíláàsì Yorùbá ní Kàbà, bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá jẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, kì í pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò fi la "àlàáfíà" sí méjì: oní àti àáfíà. Ó ti rí i pé oní + aṣọ ló di aláṣọ, oní + àánú ló di aláàánú. Kí ló dé tí àlàáfíà kò fi ní rí bẹ́ẹ̀? Ọgbọ́n wà nínú àṣìṣe yìí. Ohun tí kò dára ni kí olùkọ́ fún un ní máàkì.

Ohùn ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí rẹ̀. Ohùn àárín ni aláṣọ fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni àlàáfíà fi bẹ̀rẹ̀. Al-afiya ni èdè Lárúbáwá ń pè é. "Al" iwájú yẹn kì í ṣe oní rárá. Wúnrẹ̀n tí Lárúbáwá fi ń tọ́ka sí ohun kan pàtó ni, òun náà ló wà nínú àlùbáríkà àti Àlùkùránì. Haúsá ti gé e kúrú sí "lafiya". Yorùbá gbé e wọlé tòun ti orí rẹ̀.

Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni gbòǹgbò rẹ̀: ayn, fa, waw. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan pa rẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pa ipasẹ̀ rẹ́ lórí iyanrìn. Inú rẹ̀ ni "afw" ti wá, ìyẹn ìdáríjì, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ti pa rẹ́. Al-Afuww, Olùdáríjì, sì wà lára orúkọ tí Mùsùlùmí ń pe Ọlọ́run. Inú rẹ̀ náà ni afiya, ìlera, ti wá. Ìlera ṣì ni "afya" lédè Swahili títí dòní: Wizara ya Afya ni Tanzania ń pe ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà kó ìlera, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti àìsí ogun pọ̀ sínú. Gbòǹgbò mìíràn, s-l-m, èyí tó bí Ìsìláàmù, ni Lárúbáwá fi ń sọ ti àìsí ogun.

Ìkíni ni "okun" tí a fi ń pe Owé ti Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ lápapọ̀. Bí wọ́n bá sì kí ara wọn tán, wọn a béèrè àlàáfíà. Ẹni tó bá fẹ́ lé ọ̀rọ̀ náà jáde nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà, tí wọn kò kúrò ní Kàbà títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, kí ó kọ́kọ́ lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Àìkú, kí ó ka iye ìgbà tí yóò gbọ́ ọ. Ó wà káàkiri inú Bíbélì Yorùbá tí a parí ní 1884. Àdúrà àti wàásù pẹ̀lú, Lárúbáwá ni orírun wọn.

Abẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò ni ipò àlàáfíà. Kí olùkọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí ó sì ní kí ó gbìyànjú àlùbáríkà wò.