Àga Ni Ká Kọ́kọ́ Wò, Kí A Tó Wo Bẹ́líìtì

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Kétu ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tó sì fara balẹ̀ wo inú àwọn dáńfó tó ń kó èrò lọ sí Òṣòdì tàbí Ọbáléndé, yóò rí i pé dẹ́rẹ́bà ti fa bẹ́líìtì kọ́ àyà. Ẹni tó jókòó tì í níwájú náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún mọ́ra wọn lẹ́yìn, mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan, kò ní ohunkóhun tí wọ́n lè fà kọ́ra. Nínú ọkọ̀ tó kó èrò mẹ́rìnlá, ènìyàn méjì péré ni ọwọ́ òfin ń bà.

Ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé kí ìjọba fi bẹ́líìtì sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Èmi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Kí ni a fẹ́ so bẹ́líìtì náà mọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹrù ni wọ́n fi ń kó ní ilẹ̀ Yúróòpù kí wọ́n tó di tòkunbọ̀. Kò sí àga kankan lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ ní èbúté. Àwọn wẹ́dà wa níbí ló fi páìpù irin jó bẹ́ńṣì, tí wọ́n tẹ́ pákó àti fóòmù lé e, tí wọ́n sì jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tí kò ju páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Òjò ń wọlé, omi ẹja àti omi tòmátì láti ọjà Máìlì 12 ń kán sí i, páànù ń dípẹtà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, bẹ́ńṣì á tú, òun àti gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì jọ fò síwájú. Bí a bá de bẹ́líìtì mọ́ irú àga bẹ́ẹ̀, a kàn so èrò mọ́ irin tó ń fò ni.

Àwọn ará Agbóyì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Kétu lójoojúmọ́ kò nílò àlàyé lórí èyí. Wọ́n mọ̀ pé bí okùn ṣe lè le tó, èèkàn tí a so ó mọ́ ni yóò sọ bóyá ìgbì yóò gbé ọkọ̀ lọ.

Àwọn tó ń fi mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ sáré lórí pápá ìdíje ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Bẹ́líìtì wọn kì í ṣe irú tiwa tó gba èjìká kan kọjá. Ó ń gba èjìká méjèèjì, ó ń di ìbàdí, òmíràn sì tún gba abẹ́ itan, kí ara má baà yọ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ra á, àga ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè: ṣé ó ní ihò tí okùn èjìká lè gbà kọjá, ṣé bóòtù rẹ̀ wọ irin tó nípọn lábẹ́ ọkọ̀? Bí okùn èjìká bá rọ̀ wálẹ̀ jù lẹ́yìn àga, eegun ẹ̀yìn ni yóò fún pọ̀ nígbà ìjàǹbá. Bí a bá sì de awakọ̀ ní dídúró gbọnrangandan nínú ọkọ̀ tí kò ní ọ̀pá irin tó gbé òrùlé dúró, tí ọkọ̀ náà wá yí dànù, kò ní lè tẹ̀ síbì kan nígbà tí òrùlé bá ń wó bọ̀ lórí rẹ̀. (Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ra bẹ́líìtì aláràbarà yìí fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú Corolla fetí sí gbólóhùn yẹn dáadáa.) Àjọ FIA tó ń ṣàkóso eré ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé tilẹ̀ fi ọjọ́ orí sí bẹ́líìtì ìdíje: ọdún 5, ó parí. Ní oṣù kejì ọdún 2001, Dale Earnhardt, ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká awakọ̀ Amẹ́ríkà, kú ní Daytona pẹ̀lú bẹ́líìtì lára. Kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ti sọ ohun èlò tó ń di orí àti ọrùn mú di dandan.

Ẹnìkan lè sọ pé eré àsápajúdé nìyẹn, dáńfó kì í sá tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan kì í ṣe eré rárá lójú dẹ́rẹ́bà Ìkòròdú Road nígbà tí ọ̀nà bá dá. Síbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti orí eré yẹn dúró gbì, tí kò sì sí ohun tó dì í mú, ìkọlù tí ara rẹ̀ yóò gbà tó ti ẹni tó já bọ́ láti ibi gíga mítà 10. Ìyá tó gbé ọmọ lé itan kò lè fi ọwọ́ di ọmọ náà mú, bó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Apẹ̀rẹ̀ ata tó wà lẹ́yìn náà yóò di òkò.

Volvo gbé bẹ́líìtì olójú-ìdè mẹ́ta jáde ní ọdún 1959, iṣẹ́ ọwọ́ Nils Bohlin, ilé iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda kí àwọn tó kù lò ó. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú kù títí dé ìdajì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó ti gba ìjàǹbá kan ti nà, kò yẹ kó gba ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ta ló sì mọ ìtàn bẹ́líìtì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó run wómúwómú, tí wọ́n wá ń tà ní Ládípọ̀?

Láti ọdún 1988 ni a ti ní àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Èkó sì ní àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí pé ó yẹ fún ojú pópó. Iná àti bíréèkì ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí wọ́n wọ ẹ̀yìn dáńfó, kí wọ́n di bẹ́ńṣì mú, kí wọ́n mì ín, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá irin wà níbi tí bóòtù ti jáde. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá ń mì, kí wọ́n má fún un ní ìwé.

Àwọn ọlọ́kọ̀ yóò ní owó ọkọ̀ yóò lé. Bí wọ́n bá ní kí èrò mẹ́ta máa jókòó síbi tí mẹ́rin ń jókòó, lóòótọ́ ni yóò lé, ó sì yẹ ká jókòó sọ ọ̀rọ̀ yẹn láìtan ara wa. Ṣùgbọ́n bóòtù mẹ́rin pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó nípọn lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan? Ìyẹn kò lé èrò kankan sọ̀kalẹ̀. Wẹ́dà tó jó bẹ́ńṣì náà lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ onímọ́tò tó ń gba owó ní gáréèjì lárààárọ̀ sì lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Kétu àti Máìlì 12 kí ọdún yìí tó parí.