Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olókùú kí ẹ tó fi ikú èèyàn rẹ̀ ṣeré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ní ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òwe yìí ló yẹ kí àwọn tó ń fi ìtàn ìpànìyàn ṣe eré orí tẹlifíṣàn máa rántí kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lóde báyìí. Ilé tí wọ́n ti pa èèyàn, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣàn, bí ọlọ́pàá ṣe tú àṣírí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bèèrè pé ta ló ni òkú náà.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Dámilọ́lá Taylor. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ keje, oṣù Kejìlá, ọdún 1989. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú Ọba, nítorí ìtọ́jú àìsàn wárápá tó ń bá ẹ̀gbọ́n Dámilọ́lá obìnrin fínra. Baba wọn, Richard Taylor, wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. Wọn kò tíì lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi yíwọ́. Lọ́jọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọmọ náà ń ti ilé-ìkàwé bọ̀ wá sílé ní Peckham, nílùú London, nígbà tí wọ́n fi afọ́kù ìgò gún un nítan. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn ilé kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Lọ́dún 2002, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin jẹ́jọ́ ìpànìyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwọn ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ olóògbé lára bàtà àti aṣọ tí ojú àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ti fò. Oṣù Kẹjọ ọdún 2006 ni ilé-ẹjọ́ tó sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jẹ̀bi pé wọ́n ṣokùnfà ikú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pète láti pa á. Ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá ni wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ ni adájọ́ fún wọn. Gloria, ìyá ọmọ náà, kú lọ́dún 2008.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2016, BBC gbé eré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pè é ní 'Damilola, Our Loved Boy'. Levi David Addai ló kọ ọ́, Babou Ceesay ló ṣe baba, ọmọ Yorùbá kan, Wunmi Mosaku, ló sì ṣe ìyá. Inú ilé Taylor ni kámẹ́rà jókòó sí. Òǹwòran rí baba tí ìròyìn ikú ọmọ bá ní ọ̀nà jíjìn, ó rí ìyá tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì rí bí ìbànújẹ́ ṣe ń mi ilé náà láti ọdún dé ọdún. Baba fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí i kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́dún 2017, eré náà gba àmì-ẹ̀yẹ BAFTA, Mosaku náà sì gba tirẹ̀.

Ẹ wá wo ti Amẹ́ríkà. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Netflix gbé eré jáde lórí Jeffrey Dahmer, ẹni tó pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin mẹ́tàdínlógún láàárín ọdún 1978 sí 1991. Orúkọ apààyàn ni wọ́n fi pe eré náà. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí àwọn tó pa figbe ta pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn léèrè, àti pé ńṣe ni wọ́n tún ń ṣí ojú egbò àwọn.

Àwọn kan lè sọ pé eré náà tú àṣírí àìbìkítà àwọn ọlọ́pàá, nítorí obìnrin aládùúgbò kan pariwo títí, wọn kò dá a lóhùn. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí ayé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ni ì bá ná wọn láti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn ọlọ́fọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ fíìmù níbí ló ń polówó ara rẹ̀ pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà ló pa Délé Gíwá lọ́dún 1986. Wọ́n yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 2001. Ilé-ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú àwọn méjèèjì. Bí eléré kan bá wá fi ìka tọ́ ẹnìkan nínú fíìmù, ó ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ nìyẹn. Ká ní ẹnìkan ti sáré ṣe eré lórí Dámilọ́lá lọ́dún 2001, tó ní àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ló pa á, ta ni ì bá fọ orúkọ wọn mọ́?

Nítorí náà, ó yẹ kí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò nílẹ̀ yìí máa béèrè ẹ̀rí pé mọ̀lẹ́bí olóògbé mọ̀ nípa irú eré bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọjà. Níbi tí ẹjọ́ kò bá tíì parí, kí wọ́n má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì júwe rẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Richard Taylor dágbére fáyé. Kó tó lọ, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé orúkọ ọmọ òun ni wọ́n kọ síwájú eré náà. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ tiẹ̀ n'Ísẹ̀yìn tàbí n'Íkàrẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ọ̀wọ̀ yẹn.